Ọmọrí Garawa Ọ̀dà

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń wá, bí ilé ìwé bá ti ṣíwọ́,
ọmọ mẹ́rin, bàtà lọ́wọ́, ẹrẹ̀ Ìpakodò dé orúnkún.
Ọmọrí garawa ọ̀dà ni wọ́n gbé dání,
wọ́n kùn ún ní dúdú, wọ́n kùn ún ní funfun,
bí ọsàn tí a là sí mẹ́rin.
Òkúta ń bẹ nísàlẹ̀ rẹ̀, okùn ń bẹ lókè,
okùn náà ní kókó;
láti kókó kan sí èkejì, ìbú àtẹ́lẹwọ́ Fàrídà ni.

"Bàbá, ẹ tù wá dé ibi tí omi ti jìn."
Mo bi wọ́n pé ẹja wo ni wọ́n fẹ́ fi ọmọrí pa.
Tìwàlọlá ní ojú omi làwọn fẹ́ wọ̀n.
Ojú omi!
Èmi tí mo ti ń wo ojú ọ̀sà láti ìgbà tí n kò tíì léyín,
ọmọ tí kò mọ àjẹ̀ẹ́ dì mú ló fẹ́ wá bá mi wọ̀n ọ́n.
Ṣùgbọ́n wọ́n mú ẹ̀pà sísè wá fún mi.
Mo tú okùn ọkọ̀.

Fàrídà dojú dé etí ọkọ̀, ó ń ka kókó.
Ní ẹ̀kẹrin, funfun di pupa rúsúrúsú.
Ní ìkarùn-ún, ó pòórá.
Sàbítù kọ ọ́ sílẹ̀: márùn-ún.
Wọ́n fà á sókè, wọ́n tún sọ ọ́.
"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i tán, kí lẹ tún ń wá?"
"Bàbá, ojú ẹnìkan lè ṣìnà."
Èyí tó kéré jù nínú wọn kò sọ nǹkan kan,
agolo mílíìkì ló fi ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ mi.

Lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ tí ń fa yanrìn ń bú ramúramù,
ó ń mu ìsàlẹ̀ ọ̀sà, ó ń pọ̀ ọ́ sórí ilẹ̀.
N ò lè bú u tán.
Yanrìn rẹ̀ ló wà nínú búlọ́ọ̀kù tí mo fi kọ́lé.

"Bàbá, nígbà tí ẹ wà bíi tiwa, kókó mélòó ni?"

Mo fẹ́ sọ pé a kì í ka kókó láyé ọjọ́un.
Àmọ́ mo rántí kọ́bọ̀ kan tí ẹ̀gbọ́n mi Lámídì sọ sómi:
à ń wò ó bó ti ń lọ, tó ń dán, tó ń dán,
títí ó fi sùn sórí yanrìn, tí àkàn kan gorí rẹ̀ kọjá.
Lámídì bẹ́ wọlé. Omi bo orí rẹ̀,
ó tún bo ọwọ́ tó nà sókè.
Mo ní kí Sàbítù dìde nawọ́, torí wọ́n ga bákan náà.
Ọkọ̀ mì, gbogbo wa pariwo,
mo fi okùn wọ̀n ọ́n láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí ìka:
kókó mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Sàbítù ń kọ ọ́ lọ, Fàrídà dì í lọ́wọ́ mú:
"Ojú ìwé ọ̀tọ̀ ni kó o kọ ọ́ sí.
Ìrántí nìyẹn, kì í ṣe ìwọ̀n."
Ó dùn mí díẹ̀. Àmọ́ òótọ́ ni;
ẹja tí mo ti fi ẹnu sọ di ńlá kò lóǹkà.

Oṣù kẹjọ, wọ́n gba ìsinmi.
Ọjọ́bọ̀ dé. Ọmọrí náà wà lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀.
Mo wò yíká, kí wọ́n má sọ pé orí bàbá ti dàrú.
Mo sọ ọ́. Mo kà. Mo fà á, mo tún sọ ọ́.
N kò mọ̀wé, ṣọ́ọ̀kì ni mo fi fàlà sínú ọkọ̀:
ìlà mẹ́rin.
Ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́rin.
Ọ̀sẹ̀ kẹta, òjò ti dá, ẹ̀rọ dákẹ́, wọ́n ní ó bàjẹ́:
mẹ́fà.
Mo tún un kà. Mẹ́fà.
Mùtíátù ń tukọ̀ kọjá, àwọ̀n lórí itan,
mo ké sí i: "Yà wá ná,
bá mi wo funfun yìí,
níbo ló ti sọnù lójú tìrẹ?"